Ọ̀rọ̀ Púpọ̀ Kò Kún Agbọ̀n: Ẹ̀kọ́ nípa Ìbánisọ̀rọ̀ àti Ìbádọ́rẹ̀ẹ́ láti inú Fíìmù Kasala!

1. Ìfáárà

 Ó jẹ́ ojúṣe ẹ̀ka ẹ̀kọ́ bíi tiwa láti máa gbé ohun tí à ń yẹ̀ wò nínú yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́ jáde sí gbangba, kí ẹni tí kò wọ ilé ẹ̀kọ́ gíga lè bá wa wò ó, kí ó sì bá wa jiyàn lórí rẹ̀ bí ó bá fẹ́. Iṣẹ́ tí mo gbé dání lónìí kì í ṣe ewì, kì í sì í ṣe ìtàn àròsọ inú ìwé. Fíìmù ni.

Àwọn kan lè béèrè pé kí ni olùkọ́ lítíréṣọ̀ ń wá nídìí fíìmù. Èsì rẹ̀ kò gùn. Ìtàn Yorùbá ti ń gba ojú ọ̀nà kan bọ́ sí òmíràn tipẹ́. Hubert Ògúndé gbé eré orí ìtàgé rẹ̀ bọ́ sínú fíìmù. Akínwùmí Ìṣọ̀lá kọ Ó Le Kú ní ìwé ní ọdún 1974, Túndé Kèlání sì sọ ọ́ di fíìmù ní ọdún 1997. Ibi tí ìtàn bá yà sí ni ẹni tí ń kọ́ni ní ìtàn gbọ́dọ̀ tọ̀ ọ́ lọ.

Nínú gbogbo oríṣi ìtàn tí ó wà, ọ̀kan wà tí ó jẹ́ pé ìdàgbà gan-an ni kókó rẹ̀. Ọ̀dọ́ kan, tàbí ọ̀wọ́ àwọn ọ̀dọ́ kan, wà ní ibodè ìgbà èwe àti ìgbà àgbà. Ohun kan ṣẹlẹ̀ sí wọn. Nígbà tí yóò fi parí, wọn kò lè padà sí bí wọ́n ti wà tẹ́lẹ̀ mọ́. Àwọn baba wa ti rí ìpìlẹ̀ irú ìtàn yìí tipẹ́, wọ́n sì fi òwe kan ṣoṣo gbé e kalẹ̀: ogún ọmọdé kì í ṣeré fún ogún ọdún. Ọjọ́ tí eré náà bẹ̀rẹ̀ sí í parí ni irú ìtàn bẹ́ẹ̀ máa ń sọ fún wa.

Fíìmù Kasala! jẹ́ ọ̀kan nínú wọn. Èrò mi lórí rẹ̀ ni pé àwọn ọ̀dọ́ mẹ́rin inú rẹ̀ fẹ́ràn ara wọn dénú, wọ́n sì ń sọ̀rọ̀ láti òwúrọ̀ títí di alẹ́, síbẹ̀ gbólóhùn kan ṣoṣo tí ó yẹ kí wọ́n sọ kò rí ọ̀nà gbà. Ọ̀nà yẹn ni mo fẹ́ kí a jọ wá. Mo sì fẹ́ kí a wá a pẹ̀lú Amukòkò lọ́kàn wa, ní ìjọba ìbílẹ̀ Ajérọ̀mí-Ìfẹ́lódùn, nítorí pé ohun tí fíìmù náà fi ṣe ẹ̀rín kì í ṣe ẹ̀rín lásán níbẹ̀.

2. Ìtàn náà ní ṣókí

Ọdún 2018 ni Kasala! jáde. Ema Edosio ni olùdarí rẹ̀, òun sì ni fíìmù gígùn àkọ́kọ́ tí obìnrin náà darí. Emeka Nwagbaraocha, Tomiwa Tegbe, Chimezie Imo àti Mike Afolarin ni wọ́n kó ipa àwọn ọ̀rẹ́ mẹ́rin náà. Jídé Kòsọ́kọ́, tí gbogbo ẹni tí ń wo eré Yorùbá mọ̀ bí ẹni mowó, ni ó kó ipa Ọ́ńkù. Orúkọ fíìmù náà, ọ̀rọ̀ Pidgin ni. Wàhálà tàbí ìjàngbọ̀n ni a lè pè é ní èdè tiwa.

Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ kò lọ́jú pọ̀. TJ mú ọkọ̀ Ọ́ńkù rẹ̀ jáde láìgba àṣẹ. Òun àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ mẹ́ta, Effiong, Chikodi àti Abraham, jọ fi ọkọ̀ náà ṣe fàájì. Ọkọ̀ bàjẹ́ mọ́ wọn lọ́wọ́. Ìwọ̀nba wákàtí díẹ̀ ni ó kù kí olówó ọkọ̀ tó ti ibi iṣẹ́ dé, wọ́n sì gbọ́dọ̀ wá owó tí wọn yóò fi tún un ṣe. Láti ibẹ̀ lọ, eré di ìsáré. Ọgbọ́n àrékérekè kan ń bí òmíràn, gbèsè kan ń fa òmíràn, òǹwòran sì ń rẹ́rìn-ín títí. N kò ní í sọ bí ó ṣe parí, nítorí ẹni tí kò tíì wò ó.

Ìlú Èkó ni ibùdó ìtàn náà, ní àwọn àdúgbò tí èèyàn pọ̀ sí, tí owó kò sì pọ̀ níbẹ̀. Ẹ má ṣe gbọ́ ọ pé mo ní Amukòkò ni wọ́n ti yà á. Ohun tí mo ń sọ ni pé ẹni tí ó bá gba Boundary wọ Ajégúnlẹ̀, tí ó sì ti ibẹ̀ rìn dé Amukòkò, kò ní í rí àjèjì nínú fíìmù náà. Èbúté Àpápá àti àwọn ilé iṣẹ́ tí ó yí i ká ni ó fa ọ̀pọ̀ èèyàn wá sí agbègbè yìí láti ìlú àti ẹ̀yà oríṣiríṣi. Yorùbá wà níbẹ̀, Ìgbò wà níbẹ̀, Ìjọ́, Ùròbò, Ìbíbíò, Haúsá, Ìlàjẹ àti Ègùn náà wà níbẹ̀. Orúkọ àwọn ọ̀rẹ́ mẹ́rin inú fíìmù náà nìkan ti tó láti fi irú àdúgbò bẹ́ẹ̀ hàn. Ní Amukòkò, kì í ṣe ohun ìyanu kí ọmọ Yorùbá, ọmọ Ìgbò àti ọmọ Ìbíbíò jọ máa pọnmi nídìí ẹ̀rọ kan náà, kí wọ́n sì jọ máa jẹ nínú àwo kan náà.

3. Ariwo àti ìbánisọ̀rọ̀

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ ya ohun méjì sọ́tọ̀. Àwọn ọmọ mẹ́rin yìí kì í dákẹ́. Wọ́n ń ṣàwàdà, wọ́n ń bú ara wọn, wọ́n ń dá ara wọn lẹ́bi, wọ́n ń búra, wọ́n ń pète. Bí a bá ka ọ̀rọ̀ wọn, yóò pọ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ púpọ̀ kò kún agbọ̀n. Gbólóhùn tí ó lè fòpin sí ìsáré náà kò ju báyìí lọ: “Ẹ jọ̀ọ́ sà, mo mú ọkọ̀ yín jáde, ó sì bàjẹ́ mọ́ mi lọ́wọ́.” Ọ̀rọ̀ náà kúrú, kò sì lé rárá lórí ahọ́n. Síbẹ̀ ó rọrùn fún wọn láti ronú ọ̀nà mẹ́wàá tí owó lè gbà wọlé ju kí wọ́n ronú bí wọn yóò ṣe sọ ọ́.

Bí a bá wo ìwà wọn dáadáa, a ó rí i pé owó tí wọ́n ń wá kì í ṣe owó àtúnṣe ọkọ̀ nìkan. Owó tí wọ́n fẹ́ fi ra ìdákẹ́ ni. Wọ́n fẹ́ kí ọkọ̀ padà sí bí ó ti wà kí ọ̀rọ̀ má bàa di dandan. Ibi tí ẹ̀kọ́ àkọ́kọ́ wà nìyí: nígbà tí a kò bá lè fi ẹnu san gbèsè, a máa ń wá ohun mìíràn tí a ó fi san án, ohun mìíràn náà a sì máa wọ́n ju ẹnu lọ. Gbogbo ewu tí àwọn ọmọ náà bọ́ sí lẹ́yìn ìgbà tí ọkọ̀ ti bàjẹ́, èlé orí gbólóhùn tí wọn kò sọ ni.

Òwe wa kan wí pé ẹní bá dákẹ́, tara rẹ̀ a bá a dákẹ́. A sábà máa ń pa òwe yìí fún ẹni tí ó ní ẹ̀tọ́ láti gbà tí kò béèrè. Mo rò pé ó kan ẹlẹ́ṣẹ̀ náà. Ẹni tí ó ṣẹ̀ tí ó dákẹ́, ìdáríjì tí ìbá jẹ́ tirẹ̀ bá a dákẹ́ pẹ̀lú.

4. Ọ̀rẹ́ tí ó lè sọ pé “Má ṣe é”

Èdè Yorùbá kò fi orúkọ kan ṣoṣo pe gbogbo ẹni tí a ń bá rìn. Ojúlùmọ̀ wà, ẹgbẹ́ wà, ojúgbà wà, ọ̀rẹ́ wà, kòríkòsùn wà. Ọ̀rọ̀ kan sì wà tí ó ju gbogbo wọn lọ ní agbára, èyí ni ìmùlẹ̀, ẹni tí a bá mulẹ̀ pé a kò ní í da ara wa. Àwọn mẹ́rin inú Kasala! kò mulẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n ń hùwà bí ìmùlẹ̀. Wàhálà TJ di wàhálà gbogbo wọn. Kò sí ẹni tí ó sá lọ sílé rẹ̀ kí ó ní ọkọ̀ kì í ṣe ti Ọ́ńkù òun. Ìwà yìí dára, ó sì yẹ kí a yìn ín. Nínú àdúgbò tí owó kò sí, ọ̀rẹ́ ni owó. Ẹni tí kò ní ẹ̀gbọ́n ní báńkì gbọ́dọ̀ ní ọ̀rẹ́ lójúde.

Ṣùgbọ́n ìbéèrè kan wà tí fíìmù náà fi síwájú wa. Ìgbà wo ni ọ̀rẹ́ wúlò jù? A máa ń dáhùn kíákíá pé ọjọ́ ìṣòro ni. Fíìmù náà fi hàn pé ìṣẹ́jú kan wà kí ìṣòro tó dé tí ó ṣe pàtàkì ju ọjọ́ ìṣòro lọ. Nígbà tí ọkọ̀ ṣì wà láìléwu, tí kò tíì sí ohun tí ó bàjẹ́, ohùn tí ìbá dá wọn dúró kò lágbára tó láàrin wọn. Adùn àjọṣe ni ó borí. Ẹni tí ó bá sọ pé “Ẹ jẹ́ kí a dá ọkọ̀ yìí padà” nínú agbo ọ̀dọ́, ojo ni wọn yóò pè é. Ọmọkùnrin ọdún 17 lè fara da ebi, ó lè fara da ìyà. Ó ṣòro fún un láti fara da orúkọ yẹn.

Àwọn ọ̀dọ́ Amukòkò àti Ajégúnlẹ̀ mọ ohun tí mo ń sọ yìí dáadáa ní ibòmíràn, èyí ni orí pápá bọ́ọ̀lù. Agbègbè yìí ni ó tọ́ Samson Siasia, Jonathan Akpoborie àti Odion Ighalo dàgbà nínú bọ́ọ̀lù, kí wọ́n tó di ẹni tí ayé mọ̀. Lórí pápá, bí ọ̀tá bá ń bọ̀ lẹ́yìn ẹni tí bọ́ọ̀lù wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀, alájọgbá rẹ̀ gbọ́dọ̀ kígbe kí ó tó pẹ́ jù. Kò sí ẹni tí yóò pe igbe yẹn ní ìwà ojo. Bí ó bá dákẹ́, tí wọ́n sì gba bọ́ọ̀lù náà, òun ni gbogbo ẹgbẹ́ yóò dá lẹ́bi. Ọ̀rẹ́ tí ó rí ewu tí kò kígbe ti ran ọ̀tá lọ́wọ́. Ohun tí ó kù ni kí ọ̀dọ́ gbà pé òfin orí pápá kò parí nígbà tí a bá fun fèrè ìkẹyìn.

Ìdí tí mo fi tẹnu mọ́ èyí ni pé agbára kan náà tí ó so àwọn ọmọ mẹ́rin náà pọ̀ lè so àwọn mìíràn pọ̀ fún ibi. Ní ọdún 2012, àwọn ọ̀dọ́ kan tí wọ́n ń pe ara wọn ní One Million Boys kó ìpayà bá Ajégúnlẹ̀ àti àyíká rẹ̀. Ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ kì í fi ìkà bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ kìíní. Ó máa ń bẹ̀rẹ̀ láti orí ọ̀rọ̀ tí ó dùn mọ́ ọ̀dọ́ létí: a kì í tú àṣírí ara wa. Nígbà tí àìtú àṣírí bá di ojúlówó òdiwọ̀n ọ̀rẹ́, ẹni tí ó bá fẹ́ ṣe rere yóò di ọ̀dàlẹ̀. Ẹ jẹ́ kí a kọ́ àwọn ọmọ wa ní ìyàtọ̀ yìí ní tààrà: bíbo àṣírí ọ̀rẹ́ dára, bíbo ewu tí ó ń bọ̀ lórí ọ̀rẹ́ kò dára.

5. Èdè tí kò ní bàbá

Pidgin ni èdè tí ó gbòde jù nínú fíìmù náà, bí ó ti gbòde láàrin àwọn ọ̀dọ́ Amukòkò. Àwa olùkọ́ èdè ti bínú sí Pidgin púpọ̀, inú bíbí náà sì ní ìdí. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a wo iṣẹ́ tí ó ń ṣe fún ìbádọ́rẹ̀ẹ́. Bí ọmọ Yorùbá bá ń bá ọmọ Ìbíbíò sọ Yorùbá, ọ̀kan wà nílé bàbá rẹ̀, èkejì jẹ́ àlejò. Bí wọ́n bá ń sọ Pidgin, àwọn méjèèjì jẹ́ àlejò, wọ́n sì jẹ́ onílé. Kò sí ẹni tí yóò fi àṣìsọ rẹ́ ẹnìkejì jẹ. Ilẹ̀ tí ó tẹ́jú báyìí ni ọ̀rẹ́ ń hù lórí rẹ̀.

Èdè Yorùbá ní tirẹ̀ ní àtẹ̀gùn. A ní “o”, a ní “ẹ”. A ní “ìwọ”, a ní “ẹ̀yin”. Kí ọmọ tó la ẹnu bá àgbà sọ̀rọ̀, ó ti gbọ́dọ̀ wọn ara rẹ̀ àti ẹni tí ó ń bá sọ̀rọ̀ wò. Ọ̀wọ̀ ni èyí, iyì wa sì ni. Kò sí ohun tí a ó fi pààrọ̀ rẹ̀. Síbẹ̀ ẹni tí ó bá máa ń gun àtẹ̀gùn lójoojúmọ́ mọ̀ pé ó rọrùn láti gbé ohun fífúyẹ́ gun orí rẹ̀ ju ohun wúwo lọ. Ìkíni rọrùn láti gbé gòkè. Ẹ̀bi wúwo. Nítorí náà ọmọ yóò kí Ọ́ńkù rẹ̀ dáadáa ní òwúrọ̀, yóò dọ̀bálẹ̀ gbalaja, yóò sì fi ọ̀rọ̀ tí ó ń jẹ ọkàn rẹ̀ pamọ́ sábẹ́ ìdọ̀bálẹ̀ náà. Àgbà rò pé òun àti ọmọ ń sọ̀rọ̀. Ìkíni nìkan ni wọ́n ń ṣe.

Àgbà náà sì ń fi ọ̀rọ̀ pamọ́. Nínú Maami, fíìmù tí Túndé Kèlání ṣe jáde ní ọdún 2011 láti inú ìwé Fẹ́mi Ọ̀ṣọ́fisan, ọmọkùnrin kan tí ó di gbajúmọ̀ agbábọ́ọ̀lù rántí ìgbà èwe rẹ̀ lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀ ní Abẹ́òkúta. Ìyá yìí kò fi ìfẹ́ dù ú rárá. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ bàbá ọmọ náà jẹ́ ilẹ̀kùn tí ó ń tì mọ́ ọn lójú. A rí i níbẹ̀ pé ìfẹ́ púpọ̀ lè wà nínú ilé kan kí ọ̀rọ̀ pàtàkì má sì rí ìjókòó níbẹ̀. Ọmọ tí a tọ́ nínú irú ilé bẹ́ẹ̀ yóò kọ́ pé ohun tí ó bá ń dunni, inú ni à ń gbé e sí.

6. Alágbàwí dà?

Ṣé àwọn baba wa kò mọ̀ pé ẹ̀bi wúwo láti gbé gun àtẹ̀gùn ni? Wọ́n mọ̀. Ìdí nìyí tí wọ́n fi dá ẹ̀bẹ̀ sílẹ̀. Ọmọ tí ó ṣẹ̀ nínú agbo ilé kì í dá lọ bá ẹni tí ó ṣẹ̀. Yóò sá tọ ìyá àgbà lọ, tàbí ìyàwó ilé kan tí ó mọ̀ pé onítọ̀hún kì í kọ̀rọ̀ sí lẹ́nu, tàbí ọ̀rẹ́ bàbá rẹ̀. Ẹni yẹn yóò mú un lọ́wọ́, yóò kúnlẹ̀ tàbí kí ó dúró síwájú rẹ̀, yóò sì bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀.

Ẹ jẹ́ kí a ṣe ìtúpalẹ̀ ẹ̀bẹ̀ yìí bí a ti ń ṣe ìtúpalẹ̀ ewì. Gbólóhùn rẹ̀ àkọ́kọ́ kì í ṣe ìṣẹ́, ìjẹ́wọ́ ni: “Ọmọ yìí jẹ̀bi, kò sí àní-àní.” Èkejì gbé iyì àgbà ga: “Ẹ̀yin ni bàbá rẹ̀, ẹ̀yin ni ẹ óò bá a wí.” Ẹ̀kẹta ni ẹ̀bẹ̀ gan-an: “Ṣùgbọ́n ẹ wo tiwa mọ́ ọn lára.” Àgbà yóò bínú díẹ̀, nítorí ó ní ẹ̀tọ́ láti bínú; lẹ́yìn náà yóò sọ pé nítorí alágbàwí ni òun fi fi orí jì í. Ẹ wo ọgbọ́n tí ó wà níbẹ̀. Òtítọ́ ti jáde pátá. Àgbà kò rọ̀ sílẹ̀ fún ọmọdé. Ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ni ó bu ọlá fún. Ọmọ kò bọ́ lọ́wọ́ ìbáwí, ṣùgbọ́n ó bọ́ lọ́wọ́ ìbẹ̀rù. Ọ̀nà tí ọ̀rọ̀ lè gbà láti ìsàlẹ̀ dé òkè nìyí, àwọn ni wọ́n sì là á.

Nínú Kasala!, àwọn ọ̀rẹ́ mẹ́rin náà tọ ọ̀pọ̀ èèyàn lọ, owó ni wọ́n sì ń bá lọ sọ́dọ̀ wọn. Ẹ̀bẹ̀ ni kò sí nínú ẹrù wọn. Èmi rò pé ibi tí àárín wọn ti dán jù ni ó ti sọ wọ́n nù: ojúgbà ni gbogbo wọn. Ojúgbà lè bá ọ sá, ó lè bá ọ jà, ó lè bá ọ sunkún. Kò lè bá ọ bẹ àgbà, nítorí àgbà yóò kà á mọ́ ẹlẹ́ṣẹ̀. Ọ̀rẹ́ mẹ́rin tí wọn kò ní àgbà kan tí wọ́n lè sá tọ̀ jẹ́ ilé tí ó ní ògiri mẹ́rin tí kò ní ilẹ̀kùn.

Ní Amukòkò, agbo ilé kò sí mọ́ bí ó ti wà ní ìlú àbáláyé. Ilé tí ó pọ̀ níbẹ̀ ni èyí tí gbogbo ènìyàn mọ̀ sí face-me-I-face-you, níbi tí yàrá kọjú sí yàrá láti iwájú títí dé ẹ̀yìnkùlé, tí ẹbí kan sì ń gbé yàrá kan. Ìyá àgbà wà ní ìlú òkèèrè. Àbúrò bàbá wà ní òpin ìlú kejì. Yàrá kọjú síra. Ọ̀rọ̀ lè kẹ̀yìn síra. Ṣùgbọ́n àwọn tí wọ́n lè ṣe alágbàwí kò tán. Ìyá tí ń ta búrẹ́dì lẹ́nu ọ̀nà, tí ó mọ orúkọ gbogbo ọmọ ilé, lè ṣe é. Olùkọ́ lè ṣe é. Ẹni tí ń kọ́ àwọn ọmọ ní bọ́ọ̀lù, ọ̀gá mẹkáníìkì tí ọmọ ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀, àlùfáà mọ́ṣáláṣí àti pásítọ̀ lè ṣe é. Ohun tí ó kù ni kí ọmọ mọ̀ ṣáájú ọjọ́ wàhálà pé onítọ̀hún yóò gbà láti bá òun lọ.

7. Ìdákẹ́jẹ́ tí ọ̀rọ̀ ń fẹ́

Kí a má bàa rò pé ìṣòro Èkó nìkan ni èyí, ẹ jẹ́ kí a wo òkèèrè díẹ̀. Ní ọdún 1986, Rob Reiner ṣe fíìmù kan jáde ní Amẹ́ríkà tí ó ń jẹ́ Stand By Me, láti inú ìtàn tí Stephen King kọ. Àwọn ọmọkùnrin mẹ́rin ni ó wà nínú èyí náà. Ìpínlẹ̀ Oregon ni wọ́n wà, ọdún 1959 sì ni ìtàn náà ń sọ. Wọ́n fi ẹsẹ̀ rìn lọ lẹ́bàá ojú irin láti lọ wo òkú ọmọ kan tí ó sọnù. Nínú ilé Gordie, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti kú, ìbànújẹ́ sì ti di àwọn òbí lẹ́nu débi pé wọn kì í rí ọmọ tí ó kù fún wọn mọ́.

Ní alẹ́ nínú igbó, nígbà tí àwọn yòókù sùn, Chris sọ ohun kan fún Gordie tí kò sọ fún ẹnikẹ́ni rí. Ó jí owó wàrà ilé ẹ̀kọ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó dá a padà fún olùkọ́ kan. Olùkọ́ náà ni ó ná owó ọ̀hún, ó sì jẹ́ kí ẹ̀bi wà lórí ọmọ. Kí ló dé tí ọmọ náà kò fi sọ̀rọ̀? Nítorí ìdílé tí ó ti wá ní orúkọ burúkú ní ìlú náà. Ó mọ̀ pé kò sí ẹni tí yóò gba òun gbọ́.

Mo fẹ́ kí a mú ohun méjì níbẹ̀. Èkíní ni pé ọ̀rọ̀ yẹn kò lè jáde láìsí ìdákẹ́jẹ́. Ọjọ́ méjì ni wọ́n fi rìn, alẹ́ sì bò wọ́n. Àwọn ọmọ inú Kasala! kò ní àkókò, wọn kò sì ní ibi kọ́lọ́fín. Ọmọ Amukòkò tí ń gbé yàrá kan pẹ̀lú ẹni márùn-ún tàbí mẹ́fà, tí jẹnẹrétọ̀ ń ké lójúde, tí rédíò aládùúgbò ń dún, níbo ni yóò ti sọ ohun tí ó wúwo lọ́kàn rẹ̀? Èkejì burú ju èkíní lọ. Ẹni tí ó ti mọ̀ pé a kò ní í gba òun gbọ́ kò ní ìdí láti sọ òtítọ́. Àwọn ọ̀dọ́ Ajégúnlẹ̀ àti Amukòkò mọ bí ojú ti máa ń yí padà nígbà tí wọ́n bá dárúkọ àdúgbò wọn fún ọlọ́pàá tàbí fún ẹni tí ń gbani síṣẹ́. Nítorí náà, bí a bá fẹ́ kí ọmọ sọ òtítọ́, àwa náà gbọ́dọ̀ ṣe tán láti gbà á gbọ́. Òtítọ́ dọ́jà, ó kùtà. Kí àwa àgbà bi ara wa léèrè ẹni tí kò rà á.

8. Ohun tí a lè ṣe

Ẹ̀kọ́ tí kò bá dé ilé kò tíì parí. Èyin òbí àti alágbàtọ́, ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tí ó bá jáde lẹ́nu yín nígbà tí ọmọ bá jẹ́wọ́ ni yóò pinnu bóyá ìjẹ́wọ́ kejì yóò wà láyé. Ìbáwí lè tẹ̀ lé e, ó sì yẹ kí ó tẹ̀ lé e. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá kọ́kọ́ sọ pé “O ṣeun tí o sọ fún mi”, ìbáwí yóò wọlé sí ibi tí ó yẹ. Ọwọ́ ọ̀tún tí a fi ń na ọmọ àti ọwọ́ òsì tí a fi ń fà á mọ́ra, ara kan náà ni wọ́n wà. Ẹ dárúkọ ẹnìkan fún ọmọ yín pẹ̀lú, kí ẹ ní, “Bí ohun kan bá ṣẹlẹ̀ tí ẹ̀rù ń bà ọ́ láti sọ fún mi, lọ bá lágbájá.” Kí ẹ sì sọ fún lágbájá náà.

Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ wo fíìmù yìí, kí ẹ sì dá a dúró ní ibi tí ọkọ̀ ti bàjẹ́. Kí ẹ ní kí olúkúlùkù kọ gbólóhùn tí TJ ìbá sọ, ní èdè tí ó ń sọ nílé, kí ó sì dárúkọ ẹni tí ìbá bá a lọ. Ẹ óò rí i pé àwọn kan yóò kọ gbólóhùn, wọn kò sì ní í rí orúkọ kọ. Àwọn ọmọ yẹn ni ẹ gbọ́dọ̀ fọkàn sí.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ má ṣe fi ọ̀rẹ́ yín sílẹ̀. Mo ti gbé orí ìkúnlẹ̀ àti ẹ̀bẹ̀ ga tó báyìí, kì í ṣe kí ẹ lè máa ṣòfófó. Ẹ kọ́ láti kígbe fún ara yín kí ọ̀tá tó dé ẹ̀yìn yín. Bí ohun tí ó bàjẹ́ bá sì ti bàjẹ́, kí ẹ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin jọ lọ. Ẹnìkan ni yóò sọ̀rọ̀, mẹ́ta yóò dúró lẹ́yìn rẹ̀. Ìyẹn náà jẹ́ ọ̀rẹ́, ó sì le ju sísáré wá owó kiri lọ.

9. Ìgúnlẹ̀

A ti wo ọ̀rẹ́ mẹ́rin nínú fíìmù kan, a sì ti rí i pé ìfẹ́ tí ó wà láàrin wọn kò tó láti gbà wọ́n lọ́wọ́ ohun tí wọn kò lè sọ. A rí i pé ariwo lè bo ìdákẹ́ mọ́lẹ̀, pé ọ̀rẹ́ tòótọ́ a máa ṣíwájú ewu sọ̀rọ̀, pé ọ̀wọ̀ nílò alágbàwí kí ó má bàa di ògiri, àti pé ẹni tí a kò ní í gbà gbọ́ kò ní í fọhùn. Kò sí èyí tí ó ṣàjèjì sí àṣà wa nínú wọn. Àwọn baba wa sọ pé gbólóhùn kan ní í ba ọ̀rọ̀ jẹ́, gbólóhùn kan náà ní í sì í tún un ṣe.

Ogún ọmọdé kò ní í ṣeré fún ogún ọdún. Àwọn tí wọ́n ń gbá bọ́ọ̀lù pọ̀ ní Amukòkò lónìí yóò fọ́n ká, èyí yóò lọ sí ẹnu iṣẹ́, èyí yóò lọ sí ìlú òkèèrè. Ohun tí olúkúlùkù yóò mú dání nínú ìbádọ́rẹ̀ẹ́ náà ni bí ó ti kọ́ láti sọ̀rọ̀ nígbà tí ọ̀rọ̀ wúwo. Bí wọn kò bá kọ́ ọ nísinsìnyí, nígbà tí ó jẹ́ ọkọ̀ ni ó bàjẹ́, wọn yóò máa wá a nígbà tí ó bá di ìgbéyàwó, tàbí iṣẹ́, tàbí ìlú.